Àwọn ọmọbìnrin ń dín kù nínú ìpàdé wa ní Kubwa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìfẹ́olúwa, Kubwa (ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àwa obìnrin mẹ́rin la dá ìpàdé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá sí mọ́kàndínlógún ní àdúgbò wa ní Abuja níbí, nítorí a rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí wọn kò sì ní àgbà obìnrin tí wọ́n lè finú hàn, nítorí ìyá tó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kì í ti ọjà dé kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Gbọ̀ngàn ìjọ wa la ń lò ní àárọ̀ Sátidé. A ń kọ́ wọn nípa nǹkan oṣù, nípa bí wọ́n ṣe lè ṣọ́ra fún ọkọ̀ one chance, àti nípa ohun tí ọmọ lè ṣe bí àgbàlagbà bá fẹ́ fọwọ́ kàn án láìtọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mẹ́sàn-án péré ni mo kà. Ìwé tí mo fi ń pe orúkọ wọn wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àmì òdo ló kún ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan dúró lẹ́yìn ìpàdé láti bá mi to àga. Bó ṣe ń gbé àga lé ara wọn, tí kò wo ojú mi, ó ní ọkùnrin kan nínú ọgbà ilé àwọn máa ń dènà de òun lẹ́bàá balùwẹ̀, ó sì ti fọwọ́ kan òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá ìlérí tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.


Ọ̀gá Aránṣọ, Lugbe (ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ìyá wa. Tèmi ni pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá jókòó wákàtí méjì láàárọ̀ Sátidé, owó ọjà wákàtí méjì ló bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì ní gbà kó padà wá. Ẹ kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Ọmọbìnrin tó bá ní owó tirẹ̀ lápò, ó ṣòro kí ọkùnrin tó fi búrẹ́dì àti mínírà tàn án. Mo ní maṣíìnì ìránṣọ méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí n kò lò mọ́, mo ṣetán láti gbé wọn kalẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.


Ìyá Àdùkẹ́, Sabon Gari Zaria (ọjọ́ Ajé)

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá aránṣọ, Ọlọ́run yóò sì san án fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní Zaria kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Maṣíìnì la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláàánú fún wa ní mẹ́fà, ogójì ọmọ sì forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ìdúró ni púpọ̀ nínú wọn ń wá ṣe, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le ni wọ́n sì ń gba ìdí maṣíìnì mọ́ àwọn onítìjú lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, a fún mẹ́fà tó ṣe dáadáa jù ní maṣíìnì náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a lọ wò wọ́n nílé. Méjì ti di ti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Wọ́n ti ta ọ̀kan láti fi san owó ilé ìwòsàn bàbá. Ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, a kò sì kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹyọ méjì ló ń ṣiṣẹ́.

A jókòó, a tún inú rò. Ibùdó ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello níbí, tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe irú ìpàdé yìí ní àwọn abúlé tó yí Zaria ká. Ohun tí a rí kọ́ lára iṣẹ́ wọn ni pé ẹgbẹ́ kékeré ló ń dúró: àwọn ọmọ kan náà, ní ibi kan náà, lọ́dọ̀ obìnrin kan náà tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́, tí ọmọ sì ń rí ìwé kíkà àti ìṣirò mú lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlélógójì pọ̀ jù, ìyá Ìfẹ́olúwa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò sì ní bi yín ní ìbéèrè kankan níṣojú ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ronú ọkọ. A pín tiwa sí ọ̀nà méjì, ọmọ méjìlá tàbí mẹ́tàlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé agolo mílíìkì kan tí a lu ihò sí lórí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí ojú bá ń tì kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé, kó jù ú síbẹ̀ láìkọ orúkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni agolo náà fi ṣófo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé mẹ́sàn-án la bá nínú rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ló sì bèèrè ohun kan náà nípa inú rírun nígbà nǹkan oṣù.

Ní ti owó, àjọ la fi rọ́pò maṣíìnì. Igba náírà lọ́sẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá. Kóló onígi tí káfíńtà kàn fún wa ní àgádágodo mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta náà lọ sílé, ọmọ kẹrin ló sì ń tọ́jú kóló. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Ẹ kò rí bí ojú wọn ṣe ń rí lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ka owó. Ohun kan tó tún ràn wá lọ́wọ́ ni pé àwọn ìyá nìkan la sọ fún. A kò jẹ́ kí àwọn bàbá mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè wọn a máa pọ̀.


Bàbá Àgbà, Dutse Alhaji (ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin obìnrin wa. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí. Ọ̀rọ̀ inú ọgbà ilé ni, ẹ má sì jẹ́ kí ó di ti gbogbo ìlú, kí wọ́n má ba orúkọ ọmọ náà jẹ́ kó tó lọ́kọ. Ẹ pe àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n pe ọkùnrin náà, kí wọ́n bá a wí gidi, kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin àti ìyá ọmọ yẹn yóò ṣì máa gbé àdúgbò kan náà.


Lọ́yà Obìnrin, Wuse (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì mọ̀ pé àánú ọmọ náà ló mú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí. Bí àwọn àgbà bá pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ ni ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ọgbà ilé kan náà ni òun àti ọmọ yẹn yóò sì sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin kò tún fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní àṣẹ láti parí irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ń ṣiṣẹ́ ní Abuja. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló sì là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ìwà ìbálòpọ̀ ba ọmọdé jẹ́, kódà bí kò bá tíì dé orí ìfipábánilòpọ̀. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2015, ń ṣiṣẹ́ ní Abuja pẹ̀lú, NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ló sì ń mójú tó o níbí. 627 ni nọ́ńbà tí ènìyàn lè fi pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti ìlérí yín, ìyá Ìfẹ́olúwa, ẹ má bínú sí ara yín, ọ̀pọ̀ wa ló ti ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tún ṣèlérí fún ọmọ kankan pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a máa ń sọ ni pé, “Àwọn tó lè dáàbò bò ọ́ nìkan ni màá sọ fún, màá sì kọ́kọ́ sọ fún ọ kí n tó sọ fún wọn.” Ẹ padà lọ bá a, ẹ sọ òtítọ́ fún un pé ẹ ṣe ìlérí tí apá yín kò ká. Ẹ bi í léèrè àgbàlagbà tó fọkàn tán jù nínú ẹbí rẹ̀. Ẹ má bi í léèrè gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àsọtúnsọ a sì máa dá ọgbẹ́ kún ọgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ ju bí ẹ ti sọ yìí lọ níbí, nítorí ará Kubwa pọ̀ lórí ìjíròrò yìí.


Ọmọ Karu (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Mo fẹ́ fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí ìfipábánilòpọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí dókítà kò ní fọwọ́ kàn án láìsí ìwé náà. Àti pé owó AGILE, ètò tó wà fún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, wà nílẹ̀ tí ẹ lè bèèrè fún.


Nọ́ọ̀sì Àgbà, Gwagwalada (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ̀gbọ́n ará Karu, ẹ má bínú, ó di dandan kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, nítorí ó lè gba ẹ̀mí. Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kàn. Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìwòsàn kan ṣì ń bèèrè ìwé ọlọ́pàá. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì bẹ́ẹ̀ rí, wákàtí tí a pàdánù lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí títí di òní. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ti ń yá tó ni ó ń dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń lò ó. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú náà wà. Kò sí èyí tó lè dúró de ẹni tó ń wá bíírò tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tí gbogbo obìnrin máa ń fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n gbé omi fún ọmọ kó wẹ̀. Ó ṣòro fún ìyá láti má ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ẹ ní sùúrù. Kó má tíì wẹ̀, kó má fọ ẹnu. Bó bá ti pààrọ̀ aṣọ, ẹ má fọ èyí tó bọ́, ẹ kó o sínú àpò pépà. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá, nítorí aṣọ máa ń bu nínú ọ̀rá, ẹ̀rí a sì bàjẹ́. Bí ó bá sì ti wẹ̀ kí ẹ tó gbọ́, ẹ má bá a wí, ẹ ṣáà gbé e wá. Ibùdó kan wà nínú ilé ìwòsàn ìjọba ní Bwari tí wọ́n ń pè ní Awyetu, irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní Kaduna, Salama ni wọ́n ń pe tiwọn, ní Kano, Waraka.

Gẹ́gẹ́ bí ìyá Ìfẹ́olúwa ti ròyìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọmọbìnrin jọ gbọ́dọ̀ mọ èyí sórí kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.


Ìyá Àdùkẹ́, Sabon Gari Zaria (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ní ti AGILE, ètò ìjọba tí Báńkì Àgbáyé yá lówó ni, ọdún 2020 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ méje ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀: Borno, Ekiti, Kaduna, Kano, Katsina, Kebbi àti Plateau. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó náà ń gbà, ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ni wọ́n sì ń fi tún ṣe jù, kí ọmọbìnrin lè ní yàrá ìkàwé, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe owó tí ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin ní Kubwa ń kọ̀wé bèèrè fún.


Ọmọ Mararaba (ọjọ́ Rú)

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti jókòó sínú irú ìpàdé yìí rí náà sọ̀rọ̀. Mo ti pé ogún ọdún báyìí. Mo fi ti wa sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìdí, wọ́n kàn ń pe orúkọ mi, wọ́n ń fa igi sí i.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. Àárọ̀ Sátidé ni mẹ́rúwà máa ń gbé omi dé àdúgbò wa, bí kò bá sì bá ẹnìkan nílé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti owó, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Ọjọ́ náà ni a ń fọ aṣọ gbogbo ilé, ọjọ́ náà ni mò ń lọ ẹ̀wà àkàrà tí màmá mi yóò dín lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá parí gbogbo rẹ̀, mo ti pẹ́, bí mo bá sì pẹ́, wọn a ní kí n dúró sẹ́yìn níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí nǹkan oṣù mi dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí n kò ní páàdì, mo jókòó sílé. Ojú tì mí láti padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dùn mí pé nǹkan oṣù gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa lọ́sẹ̀ tí mo jókòó sílé nítorí rẹ̀.

Àǹtí kan ló dá mi padà. Ó kàn wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá màmá mi lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́, ó sì bi í léèrè ìgbà tí ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀. Màmá mi ní ọjọ́ Àìkú, láti agogo mẹ́rin. Wọ́n yí i sí agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, a sì ń kó ara wa lọ sílé ní mẹ́ta mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù ni a kọ́kọ́ ń sìn. Ẹ má sì fi ìpè ìpàdé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ wa kò ní fóònù, fóònù ẹ̀gbọ́n ọkùnrin la fi ń gba ìpè.


Alhája Sabon Gari, Kano (ọjọ́ Rú)

Olúwa yóò fún yín lókun. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Gbọ̀ngàn ìjọ ni ẹ ń lò. Ọmọ Mùsùlùmí inú àdúgbò yín, yálà Yorùbá tàbí Hausa, kò ní wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá tilẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni kí ẹ wá, ibi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ọmọ Gbagyi tàbí Hausa bá wà láàárín wọn, ẹ wá obìnrin kan tó gbọ́ èdè wọn, nítorí ọ̀rọ̀ ara kì í dùn sọ ní èdè àyálò.

Mo sì takò ìyá Àdùkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá. Àwa náà fi pamọ́ fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹnìkan sọ fún bàbá kan pé oògùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ la ń fún àwọn ọmọ, torí wọ́n gbọ́ pé a bá wọn sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹgbẹ́ wa túká. Ìmáàmù àdúgbò ló bá wa tún un ṣe, lẹ́yìn tí mo mú nọ́ọ̀sì kan lọ bá a tó sì ṣàlàyé fún un. Ká ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ni, à bá má pàdánù oṣù mẹ́ta.


Nọ́ọ̀sì Àgbà, Gwagwalada (ọjọ́ Rú)

Alhája, abẹ́rẹ́ HPV nìyẹn. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba fi kún àjẹsára ọ̀fẹ́ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, Abuja àti Kano sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń dènà, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọmọ bíbí. Ìyá Ìfẹ́olúwa, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọlọ́dún 13 àti 14 inú ìpàdé yín ṣì rí i gbà, ẹ bèèrè ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó súnmọ́ yín kí ọjọ́ orí wọn tó kọjá.


Ìyá Àdùkẹ́, Sabon Gari Zaria (ọjọ́bọ̀)

Alhája, mo gbà. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí àwọn bàbá mọ ohun tí a ń kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bèèrè ohun tí ọmọ sọ níbẹ̀.


Ìyá Ìfẹ́olúwa, Kubwa (ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo padà lọ bá ọmọ náà. Mo sọ fún un pé mo ṣe ìlérí tí apá mi kò ká. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ń fi ìka kó etí hijabu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀ jọ, lẹ́yìn náà ló dárúkọ ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀. A ti pe nọ́ńbà yẹn, ọmọ náà kò sì sùn sínú ọgbà ilé yẹn mọ́. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ náà, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Àgbà ti Dutse pè mí lórí fóònù, wọ́n sì gbàdúrà fún ọmọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

A ti kúrò ní gbọ̀ngàn ìjọ. Yàrá ìkàwé kan ni a ń lò báyìí, ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́rin sí agogo márùn-ún ààbọ̀. N kò pe orúkọ mọ́. Ilé ni mò ń lọ bí mo bá rí i pé ẹnìkan kò wá, ilé mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ lọ, iṣẹ́ omi ni mo bá ọmọ nídìí rẹ̀. Mẹ́tàlá ló wá lánàá láàárín àwọn kékeré, mọ́kànlá láàárín àwọn àgbà. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán páàdì tí wọ́n lè fọ̀. Irú aṣọ wo ló dára jù?


Nọ́ọ̀sì Àgbà, Gwagwalada (ọjọ́ Ajé)

Òwú gidi ni kí ẹ lò, fúláńẹ́ẹ̀lì ló dára jù, kí ẹ fi ìpele bíi mélòó kan lé ara wọn. Kí wọ́n fi omi tútù rẹ ẹ́ kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sá a sínú oòrùn. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ sá a sábẹ́ aṣọ mìíràn tàbí sínú yàrá nítorí ìtìjú, ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọlé. Ẹ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí okùn tí wọn yóò máa sá a sí.


Ọ̀gá Aránṣọ, Lugbe (ọjọ́ Ajé)

Ìyá wa, mo ní àgékù fúláńẹ́ẹ̀lì ní ṣọ́ọ̀bù, màá gé e sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà fún wọn. Maṣíìnì kan ni màá gbé wá báyìí, kì í ṣe méjì, kó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ọmọ kan. Ìyàwó mi náà ń ránṣọ, òun ni yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ bá rọrùn fún yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà ni màá ti gbé ẹrù náà lé yín lọ́wọ́, n kò ní wọlé.